Láptọ́ọ̀pù Linux tí kò sọ̀rọ̀ mọ́: ẹ tún tinú rẹ̀ ṣe ni, ẹ ra káàdì ohùn USB ni, àbí kẹ́ ẹ lọ sórí Bluetooth?

Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ jù lẹ́yìn tí mo bá bá èèyàn gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, kò sọ̀rọ̀ mọ́ o." Ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀, owó á ti jáde lápò. Ẹnì kan á ti ra sípíkà Bluetooth, ẹlòmíràn á ti gbé láptọ́ọ̀pù fún ẹni tó tú u palẹ̀ lórí tábìlì. Ó máa ń dùn mí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, sípíkà inú láptọ́ọ̀pù náà kò ní àrùn kankan. Fáìlì kan ni kò sí níbi tó yẹ kó wà, tàbí kó jẹ́ pé ibì kan ni wọ́n ti ohùn pa sí tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra. Ẹ lè tún ohùn inú láptọ́ọ̀pù ṣe. Ẹ lè ra káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB. Ẹ lè lo Bluetooth tó ti wà nínú láptọ́ọ̀pù, ẹ lè ra Bluetooth USB, ẹ sì lè pààrọ̀ káàdì Wi-Fi inú ẹ̀rọ, torí orí káàdì kan náà ni Bluetooth máa ń wà. Èrò tèmi kò fara sin: bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ sísọ̀rọ̀, ìyẹn ìpàdé, ìkọ́ni, gbígba ohùn sílẹ̀, okùn ni kẹ́ ẹ mú. Bó bá ṣe orin àti fíìmù nìkan ni, Bluetooth tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra nǹkan kan.

## Ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè

Ohùn lórí Linux ń gba ọwọ́ mẹ́ta kó tó dé etí yín. Kernel, ọkàn Linux gan-an, ni àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ALSA wà, òun ló mọ káàdì ohùn sójú. Ó ti wà nínú kernel láti orí 2.6 tó jáde ní 2003. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alága tó ń pín ohùn fún gbogbo ètò: PipeWire lórí ẹ̀rọ tuntun, PulseAudio lórí èyí tó ti pẹ́ díẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ìpàdé orí Zoom àti orin lè jọ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta ni ètò tẹ́ ẹ ń lò gan-an, Firefox, VLC tàbí ohun yòówù. Tọ́rọ̀ bá kan Bluetooth, BlueZ, ètò tó ń bójú tó Bluetooth lórí Linux, á dá sí i. Láti 2001 ni òun náà ti wà nínú kernel.

Ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tẹ `aplay -l`. Èsì rẹ̀ ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa yà sí.

Bó bá ní òun kò rí káàdì ohùn kankan, kernel gan-an ni kò rí i. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè tẹ̀ nínú Settings tó máa yanjú ìyẹn. Firmware (fáìlì tí ẹ̀yà ẹ̀rọ nílò kó tó lè ṣiṣẹ́) tàbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dojú kọ.

Bó bá dárúkọ káàdì yín, ṣùgbọ́n tí Settings ń fi "Dummy Output" hàn, ALSA ti ṣe tirẹ̀, alága tó ń pín ohùn ni kò gbà á. Ẹ tẹ `systemctl --user restart wireplumber pipewire pipewire-pulse`, kẹ́ ẹ wò ó bóyá káàdì á yọjú.

Bí àwọn méjèèjì bá rí káàdì tí ohùn kò sì jáde, ẹ ṣí `alsamixer`. Ẹ tẹ F6 láti mú káàdì yín gan-an, torí èyí tó máa kọ́kọ́ hàn sábà máa ń jẹ́ ti PipeWire tàbí PulseAudio tí kò sọ gbogbo òtítọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ Master, Speaker àti Headphone. Bí MM bá wà níbẹ̀, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tẹ lẹ́tà M, á di OO. Ẹ fi ọfà rìn lọ sápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá Auto-Mute Mode. Mo ti rí láptọ́ọ̀pù tí ìdọ̀tí kóra jọ sínú ihò íápíìsì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé íápíìsì wà nínú òun lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tó fi ti sípíkà pa. A yí Auto-Mute sí Disabled, ohùn jáde. Owó tí olówó rẹ̀ ti kó kalẹ̀ fún sípíkà tuntun, ó kó o padà sápò.

Ẹ tún wò ó bóyá HDMI ni ẹ̀rọ ń darí ohùn sí. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fi okùn so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Bí gbogbo ìyẹn kò bá so èso, ẹ gbé Linux mìíràn, Fedora tuntun fún àpẹẹrẹ, sórí filáàṣì, kẹ́ ẹ fi tan láptọ́ọ̀pù láìfi ohunkóhun sórí dísìkì. Ẹ tẹ `speaker-test -c2 -twav`. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ "Front Left" àti "Front Right", ara láptọ́ọ̀pù yín dá ṣáṣá, Linux tó wà lórí dísìkì yín ló ní àbùkù. Bó bá dákẹ́ níbẹ̀, tó sì tún dákẹ́ lórí Windows, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ tó gbà pé nǹkan bàjẹ́ lóòótọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

## Ohùn inú láptọ́ọ̀pù àti káàdì ohùn USB

Ti inú láptọ́ọ̀pù ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà là, torí kò gba owó, kò gba ihò USB, sípíkà àti máìkì sì ti wà níbẹ̀. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀, irú ThinkPad, Latitude àti EliteBook tó kún ọjà tòkunbọ̀, ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn tuntun ló ń fa wàhálà: àwọn tí Intel ti gbé iṣẹ́ ohùn fún DSP, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣètò ohùn, inú chip, pàápàá tí máìkì wọn bá jẹ́ ti dígítà. Irú wọn kì í sọ̀rọ̀ bí firmware tí wọ́n ń pè ní SOF kò bá sí. Lórí Debian àti Ubuntu, `firmware-sof-signed` ni orúkọ rẹ̀. Lórí Fedora, `alsa-sof-firmware` ni. Lórí Arch, `sof-firmware` ni. Ẹ tẹ `sudo dmesg | grep -i sof`. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń ráhùn pé òun kò rí fáìlì, ẹ ti rí òkodoro. Ẹ fi package náà sórí ẹ̀rọ, ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ tún un tàn.

Àwọn tí Windows àti Linux jọ ń gbé inú láptọ́ọ̀pù wọn ní ẹ̀mí àìrí mìíràn tó ń dà wọ́n láàmú. Windows ní ohun tí wọ́n ń pè ní Fast Startup. Bẹ́ ẹ bá tẹ Shut down, kì í kú tán, oorun ló ń sùn. Nígbà míì á fi káàdì ohùn tàbí Bluetooth sílẹ̀ nípò tí Linux kò lè jí i. Ẹ lọ pa Fast Startup nínú Windows, kẹ́ ẹ wá tan Linux.

Bí ìró "kpọ́" kékeré bá ń jáde nígbàkígbà tí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ ń pa káàdì ohùn láti fi bátìrì pamọ́ ni. Ẹ kọ `options snd_hda_intel power_save=0` sínú fáìlì kan lábẹ́ `/etc/modprobe.d/`, ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn, á dẹ́kun.

Ibi tí mo ti máa ń ní kéèyàn jọ̀wọ́ ti inú jẹ́ẹ́ ni ìgbà tí ihò íápíìsì bá ti jẹ, tí ẹ ní láti fọwọ́ dì í mú kí etí kejì tó gbọ́, tàbí tí sípíkà bá ti ya. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ lè pààrọ̀ wọn. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá nílò ohùn lónìí fún iṣẹ́, káàdì USB á gbà yín lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára káàdì ohùn USB ni pé kò ní ẹ̀tàn. Ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń tẹ̀ lé, kernel sì ní driver kan ṣoṣo (ètò tó ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), `snd-usb-audio`, tó mọ̀ wọ́n. Bẹ́ ẹ bá ti kì í bọ ihò, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti wà nínú `aplay -l`. CD kékeré tó bá wà nínú páálí rẹ̀, Windows ló wà fún, ẹ fi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ní chip C-Media nínú. Bẹ́ ẹ bá tẹ `lsusb` tẹ́ ẹ rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `0d8c`, òun náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ihò rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn kan ní ihò méjì, ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún máìkì. Àwọn kan ní ẹyọ kan péré. Ẹ wá mú íápíìsì fóònù yín, kẹ́ ẹ wo orí rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́. Bí ìlà dúdú tó yí i ká bá jẹ́ mẹ́ta, máìkì wà lára rẹ̀, ihò kan ṣoṣo ló fẹ́. Bẹ́ ẹ bá kì í bọ káàdì oníhò méjì, ẹ ó máa gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òun kò sì ní gbọ́ yín. Àwọn èèyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú tú Linux ká, nígbà tó jẹ́ pé okùn kékeré oníhò kan lápá kan, olórí méjì lápá kejì, ló kù. Bí ìlà dúdú bá jẹ́ méjì, kò sí máìkì lára rẹ̀ rárá.

Àwọn okùn Type-C sí ihò íápíìsì náà wà níbẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ní káàdì ohùn nínú, yóò ṣiṣẹ́ bíi ti USB yòókù. Ìkejì kàn jẹ́ wáyà lásán tó ń retí kí fóònù fúnra rẹ̀ ti ohùn jáde láti ihò Type-C. Láptọ́ọ̀pù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò ní rí i. Lójú, wọ́n jọra bí ìbejì. `lsusb` nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: bí kò bá sí ìlà tuntun lẹ́yìn tẹ́ ẹ kì í bọ̀, wáyà lásán ni.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ̀, ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé òun ni kó máa lò. Ẹ tẹ `wpctl status`, ẹ wá a lábẹ́ Sinks, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 52, ẹ tẹ `wpctl set-default 52`. Àmì ìràwọ̀ á lọ síwájú rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún máìkì lábẹ́ Sources. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ùn-ùn-ùn lábẹ́ ohùn yín, ẹ yọ cháájà kúrò ná, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ wò. Bó bá lọ, iná ló ń bá a wá, káàdì kò lẹ́bi.

## Ìdí tí Bluetooth fi ń yí ohùn padà nígbà ìpàdé

Àbúrò ìyàwó mi kan ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ní èdè wa láti Ìbàdàn, lórí Zoom, lọ́sàn-án Sátidé. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yìí kò gbọ́ mi dáadáa mọ́. Mo ní 'ajá sá', wọ́n ní 'ajá ṣá'. Mo ní 'aṣọ ṣá', wọ́n ní 'aṣọ sá'. Mo ti pariwo títí."

Mo ní, "Íápíìsì wo lo fi sétí?"

"Ti Bluetooth tuntun yẹn ni. Orin ń dùn lórí rẹ̀ bí oyin."

Mo ní kó bọ́ ọ sílẹ̀, kó fi máìkì láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀, kó sì bi àwọn ọmọ náà léèrè. Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀nà méjì ni Bluetooth àtijọ́ ń gbà gbé ohùn. A2DP ni wọ́n fi ń gbé orin: etí méjèèjì, ohùn tó mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni, láti láptọ́ọ̀pù wá sétí. Kò sí àyè fún máìkì níbẹ̀. Bí ètò kan bá ti fẹ́ lo máìkì íápíìsì náà, ẹ̀rọ á fi A2DP sílẹ̀ lọ sórí HSP tàbí HFP tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù. Níbẹ̀, ohùn á di ẹyọ kan fún etí méjèèjì. Bó bá jẹ́ codec (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di ohùn kó lè gba orí afẹ́fẹ́) tó ń jẹ́ CVSD ló bọ́ sí, ìgbà 8,000 ni yóò máa wọn ohùn yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá ń dún lókè 4,000 Hz á ṣòfò. Òkè yẹn gan-an ni ìró *s* ti ń dún jù, tí *ṣ* sì ń dún nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Gé òkè kúrò, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá á fi ọgbọ́n orí parí ọ̀rọ̀, ọmọ tó ń kọ́ èdè kò ní ohun tó máa fi parí rẹ̀.

mSBC, codec mìíràn fún ìpè, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí 16,000 ni ó ń lò. Ẹ ṣí `pavucontrol`, ẹ lọ sí Configuration, kẹ́ ẹ wo orúkọ profile, ìyẹn ọ̀nà ìgbóhùn bíi A2DP tàbí HFP, tó wà lórí íápíìsì yín. Bẹ́ ẹ bá rí mSBC níbẹ̀, ẹ mú un. Bó bá jẹ́ CVSD nìkan ló wà, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni lédè.

Ohun tí mo ṣe fún àbúrò wa kò ná an ní kọ́bọ̀. Ó ṣì ń fi íápíìsì Bluetooth gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí A2DP, máìkì láptọ́ọ̀pù ló wá ń fi sọ̀rọ̀. Nínú Zoom, ó yan máìkì inú láptọ́ọ̀pù gẹ́gẹ́ bí máìkì rẹ̀. Lórí WirePlumber, igbákejì PipeWire tó ń yan káàdì àti profile, láti orí 0.5 síwájú, ẹ lè dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ kó má máa yí profile padà fúnra rẹ̀: `wpctl settings --save bluetooth.autoswitch-to-headset-profile false`. Lẹ́yìn oṣù kan ó ra íápíìsì olókùn àti káàdì USB oníhò kan, torí adìẹ àti jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé ń wọ inú máìkì láptọ́ọ̀pù. Láti ìgbà náà, mi ò tíì gbọ́ ìráhùn rẹ̀.

Àléébù Bluetooth kejì ni pé ohùn ń pẹ́ kó tó dé. Bẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù, VLC lè dá àwòrán dúró de ohùn, ẹ kò ní mọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ta dùùrù lórí kọ̀ǹpútà tàbí tẹ́ ẹ ń gba orin sílẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ohùn á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Fún iṣẹ́ orin, ẹ má bá Bluetooth fa ọ̀rọ̀ rárá.

## Bluetooth inú, Bluetooth USB, tàbí káàdì tuntun

Bí Bluetooth lẹ ṣì fẹ́, ẹ wo ti inú láptọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ tó ra òmíràn. Ẹ tẹ `rfkill list`. Bí "Soft blocked: yes" bá wà lábẹ́ Bluetooth, `rfkill unblock bluetooth` ló máa ṣí i. Bó bá jẹ́ "Hard blocked", bọ́tìnnì ara láptọ́ọ̀pù tàbí BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí láptọ́ọ̀pù) ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo `lsusb`. Bí káàdì Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù tilẹ̀ gba ọ̀nà PCIe, Bluetooth orí rẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀nà USB, ti Intel a sì máa fi nọ́ńbà `8087` hàn. Bí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́ tí Bluetooth sì ti pòórá kúrò nínú `lsusb` lẹ́yìn tí láptọ́ọ̀pù sùn tó jí, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ cháájà, ẹ di bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mú fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́ ẹ tó tún un tàn. Ó ti padà wá lójú mi láìmọye ìgbà.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. Íápíìsì á gbà láti pair, kò ní gbà láti connect, `bluetoothctl` á sì kọ `br-connection-profile-unavailable`. Bluetooth yín kò ṣe nǹkan kan. Afárá tó so ó mọ́ alága ohùn ni kò sí. Lórí Debian àti Ubuntu tó ń lo PipeWire, `libspa-0.2-bluetooth` ló kù. Lórí èyí tó ń lo PulseAudio, `pulseaudio-module-bluetooth` ni. Ẹ fi í sí i, ẹ jáde kẹ́ ẹ tún wọlé.

Bí íápíìsì bá sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows tí Linux inú láptọ́ọ̀pù kan náà sì kọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ ló dàrú láàárín wọn: àdírẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, kọ́kọ́rọ́ tí íápíìsì fún wọn yàtọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ tún un pair.

Ọjà Bluetooth USB gba ìṣọ́ra. Èyí tó pọ̀ jù, tó sì pọ́ọ́kú jù, ló ń pe ara rẹ̀ ní CSR, `0a12:0001` nínú `lsusb`. Ayédèrú pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń kọ kernel ti ní láti fi àtúnṣe sínú driver nítorí ayédèrú wọ̀nyí, síbẹ̀ àwọn kan ṣì wà tí kì í dúró. Èyí tí mo fọkàn tán jù ni oní-Realtek RTL8761B, tó máa ń fi `0bda:8771` hàn. Firmware ló fẹ́: bí `dmesg` bá ní òun kò rí `rtl8761bu_fw.bin`, ẹ fi `firmware-realtek` sórí Debian, tàbí `linux-firmware` lórí àwọn yòókù.

Ẹ má kì í bọ ihò USB 3 tó sún mọ́ filáàṣì tàbí dísìkì USB 3 tó ń ṣiṣẹ́. Intel fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2012 pé USB 3 ń da ariwo sórí 2.4 GHz, ibẹ̀ gan-an sì ni Bluetooth ń gbé. Ẹ fi okùn USB kúkúrú gbé e jìnnà díẹ̀, ohùn tó ń já gán-ín-gán-ín á mọ́. Wi-Fi 2.4 GHz náà ń bá a du àyè, bí ráútà yín bá ní 5 GHz, ẹ kó lọ síbẹ̀. Bí Bluetooth bá ti di méjì lórí ẹ̀rọ, `bluetoothctl list` á fi méjèèjì hàn, `select` lẹ fi ń yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Pípààrọ̀ káàdì inú ẹ̀rọ ni mo máa ń fi sí ìkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń tọ́ jù bó bá yọrí. Intel AX200 ń bá Linux rẹ́ dáadáa, ó sì tún Wi-Fi ṣe pọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún AX201 àti AX211: wọ́n jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ Intel tí wọ́n ṣe fún wọn nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. BIOS àwọn ThinkPad àti HP àtijọ́ kan kì í sì í gba káàdì tí kò bá sí nínú ìwé wọn. Láptọ́ọ̀pù á kọ̀ láti tàn títí tẹ́ ẹ fi máa yọ ọ́.

| Ọ̀nà | Orin | Máìkì nínú ìpàdé | Ibi tó ti ń dà yín láàmú |
|---|---|---|---|
| Ti inú láptọ́ọ̀pù | Ó tó | Ó tó, bí àyíká bá pa rọ́rọ́ | Firmware, Auto-Mute, ihò tó jẹ |
| Káàdì ohùn USB | Ó dára | Òun ló dára jù | Ihò kan tàbí méjì, ó ń yọrí síta |
| Bluetooth inú | Ó dára | Kò dára bó bá jẹ́ CVSD | rfkill, oorun láptọ́ọ̀pù |
| Bluetooth USB | Ó dára bí chip bá dára | Bákan náà | Ayédèrú, ariwo USB 3 |
| Káàdì tuntun | Ó dára | Bákan náà | BIOS, irú káàdì |

## PulseAudio tàbí PipeWire

Èyí kò ní gbà wá lásìkò. Fedora 34 ti gbé ohùn fún PipeWire ní 2021, Ubuntu 22.10 tẹ̀ lé e, Linux Mint 22 náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Ubuntu 22.04 àti Mint 21 ṣì ń lo PulseAudio. Ẹ tẹ `pactl info`: bó bá kọ "PulseAudio (on PipeWire …)", PipeWire lẹ ń lò, ó kàn ń dáhùn orúkọ àtijọ́ kí ètò àtijọ́ má bàa kú ni. Fún Bluetooth, PipeWire ni mo fara mọ́. Àmọ́ bí ti yín bá jẹ́ PulseAudio tó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má tú u ká nítorí pé ẹnì kan sọ pé tuntun wà. Ibi tí mo ti ń rí ìparun ni orí ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi àwọn méjèèjì jà sí, tí ọ̀kan ń tan, tí ìkejì ń pa.

## Níwájú ọlọ́jà

Bẹ́ ẹ bá ti wá pinnu láti ra káàdì USB tàbí Bluetooth USB, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ lọ. Ẹ bẹ ọlọ́jà pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ kì í bọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ tẹ `lsusb`, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà tuntun tó yọ. Fún káàdì ohùn, ẹ fi íápíìsì yín sí i, ẹ tẹ `arecord -d 5 -f cd idanwo.wav`, ẹ sọ "ajá sá, aṣọ ṣá" sínú máìkì, kẹ́ ẹ wá tẹ `aplay idanwo.wav`. Ọjà lè pariwo láyìíká yín, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ *s* yàtọ̀ sí *ṣ* lábẹ́ ariwo yẹn, ẹ sanwó rẹ̀.